Ìkòkò Ẹ̀wà Ilé Wa àti Ara Mi Tí Kò Gba Kàsì

Ní ilé ọkọ mi ní Sakété, ìkòkò kan ṣoṣo ni gbogbo ilé fi ń jẹ sààrì. Mi ò bá ẹni tó dá àṣà náà sílẹ̀, àwọn tó sì bá a kò sọ fún wa ju pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a. Bí oṣù ààwẹ̀ bá ti lé, ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Àlájà nítorí pé ó ti dé Mẹ́kà, á gbé ìkòkò ńlá náà jáde láti ẹ̀yìn ilé ìdáná, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́, á wá nahùn pè wá pé, "Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ̀wà dà?"

Lẹ́yìn ìrun àlàásárì ni a máa ń gbé ẹ̀wà náà kaná. A ó da irú sí i, irú tí àwọn ará Àjàṣẹ́ ń pè ní àfítín. A ó kó ẹja gbígbẹ sí i, a ó lọ tòmátì sí i, a ó da epo lé e. Bí ó bá ti jinná, a ó fi eérú bo ẹyín iná díẹ̀, ìkòkò á sì jókòó sórí ààrò di ìdájí. Nígbà tí a bá jí sààrì, ẹ̀wà náà ti sùn, ó ti jí, ó ti di kàsì. Gàárì la máa ń bù lé e. Àlájà gbà pé ẹ̀wà tí kò bá sùn kò tí ì mọ bí wọ́n ṣe ń di inú alááwẹ̀ mú.

Òtítọ́ ni mo fẹ́ sọ: ẹ̀wà yẹn dùn. Pobè ni wọ́n ti gbé mi wá sílé ọkọ. Ààfáà ni bàbá mi, abẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé wa ló ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń ka Kùránì, òun náà ló kọ́ mi bí a ṣe ń kọ èdè wa sílẹ̀, kí n tó lọ kọ́ Faransé ní ilé ìwé ìjọba. Ṣùgbọ́n ògì gbígbóná la fi ń jẹ sààrì nílé bàbá mi, ògì kì í sì í pẹ́ lára. Kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run, ebi á ti máa bá wa kéwú pọ̀. Ìgbà tí mo dé Sakété, tí mo tọ́ ẹ̀wà Àlájà wò, ni mo tó mọ̀ pé èèyàn lè gbààwẹ̀ kí inú rẹ̀ sì dákẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun lórí rẹ̀ lọ́pọ̀ ọdún.

Lẹ́yìn tí mo bí ọmọ wa tó kéré jù ni ọ̀rọ̀ yí padà. Oṣù ààwẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. A jẹ sààrì tán, à ń retí kí wọ́n pe ìrun àsùbáà, ni etí mi méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ọrùn mi ń yún mi. Imú mi ń ṣàn bí ẹni tí òjò pa. Nígbà tí mo máa fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ti wú. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi, tí ó ń pè mí ní ìyálé, gbé àtùpà súnmọ́ mi.

"Ìyálé mi, ta ló fún yín ní àtíkè pupa ní ìdájí yìí? Ẹ fún èmi náà."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó máa di àárọ̀, ẹ̀rín ti tán. Orí ń fọ́ mi, àyà mi ń lù kì-kì-kì, ara mi yọ wúruwùru láti ọrùn dé ìgbúnwọ́. Mo fara dà á. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ojú mi ṣú nídìí ọjà mi, níbi tí mo ti ń ta káyé, ìwé ìkọ̀wé, àti gègé fún àwọn ọmọ ilé ìwé, wọ́n sì bu omi fún mi. Mo mu ún. Báyìí ni ààwẹ̀ mi ṣe já ní ọ̀sán gangan, láàárín ọjà Sakété.

Bàbá mi ti kọ́ wa pé Ọlọ́hun kò fi ààwẹ̀ ni aláìsàn lára. Ẹni tí ara rẹ̀ kò dá, kó jẹun, kó san án padà bí ara bá yá. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn mọ̀ yàtọ̀ sí kí èèyàn jókòó nínú ilé tí gbogbo ará ibẹ̀ ń gbààwẹ̀, kí òun nìkan máa mu omi lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ó sì máa nu ẹnu kí ó tó jáde. Oṣù tí mo fẹ́ràn jù nínú ọdún ni. Mi ò fẹ́ kó máa kọjá níwájú mi kí n máa wò ó láti ojú fèrèsé.

Mo sọ fún Àlájà pé ó jọ pé ẹ̀wà ni.

"Ẹ̀wà wo?"

"Ẹ̀wà sààrì, Àlájà."

Ó wò mí dáadáa. "Àwọn àgbà ní ohun tó wu ọmọ jẹ kì í run ọmọ nínú."

"Inú kọ́ ló ń run mí, Àlájà. Ara ló ń yún mi."

"Ṣé o gbọ́ ìyàwó yìí?" Ó kọjú sí ọkọ mi, tó ń fọ eruku sìmẹ́ǹtì kúrò lójú. Sìmẹ́ǹtì ni ọkọ mi ń tà. Ọkọ̀ akẹ́rù ló fi máa ń kó o láti Onigbolo, bí ó bá sì dé, àwọ̀ rẹ̀ a máa dà bí ti ẹni tó ṣubú sínú ẹ̀lùbọ́. "Ó ní ẹ̀wà mi ń yún òun lára."

Ọkọ mi dorí kodò sínú abọ́ omi, kò gbé e sókè títí ìyá rẹ̀ fi kúrò níbẹ̀.

Mo lọ rí dókítà kan ní Pobè, ní ilé ìwòsàn tí kò jìnnà sílé bàbá mi. Obìnrin ni, ọ̀dọ́ ni, ó gbọ́ èdè Gun dáadáa, èdè náà la sì jọ ń sọ. Ó yẹ ojú mi wò, ó yẹ ọrùn mi wò, ó béèrè ohun tí mò ń jẹ. Mo sọ ti ẹ̀wà sààrì. Ó ní, "Ẹ fi ẹ̀wà sílẹ̀ ná, Ìyá, ká wo bí ara yín ṣe máa ṣe. Bí kò bá gbà, ẹ má fi ipá gbààwẹ̀. Ọlọ́hun yín kò bínú."

"Mo mọ̀ pé kò bínú," ni mo wí. "Èmi ni mò ń bínú."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fún mi lóògùn, mo padà sílé.

Ẹ̀yin tí ẹ gbé nínú agboolé rí á mọ ohun tí mo bá padà. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá yọwọ́ nínú ìkòkò ilé ti sọ ọ̀rọ̀ kan láìla ẹnu. Ó lè jẹ́ pé ó ń bínú. Ó lè jẹ́ pé ó ń fura. Ó sì lè jẹ́ pé ó fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀. Kò sí ẹni tí ń rò ó pé ara rẹ̀ ló ń yún un. Nígbà tí mo sọ fún Àlájà pé dókítà ní kí n fi ẹ̀wà sílẹ̀, ó kọjú sí mi.

Ó ní, "Ṣé wọ́n fi nǹkan sí i ni?"

"Àsítáfírúlà, Àlájà! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo kàn béèrè ni. Nítorí pé èmi ni mo fọ ìkòkò náà."

Mo dọ̀bálẹ̀, àbí kí ni ẹ ń pe ohun tí obìnrin máa ń ṣe bí kò bá mọ èyí tí ì bá ṣe mọ́? Mo kúnlẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sílẹ̀. Mo ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ó ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ní ìdájí ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n ń bu ẹ̀wà, ó pe gbogbo ọmọ ilé lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n wá gbé abọ́, kò sì pe èmi.

Ìrẹsì ni wọ́n fún mi jẹ sààrì, pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá tó ṣẹ́kù láti alẹ́. Irú ló pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, etí mi ti gbóná, ọrùn mi ti wú.

Ó yà mí lẹ́nu, ó sì dùn mí. Ẹ̀wà kò sí níbẹ̀! Mo ti fi ìkòkò ilé sílẹ̀, mo ti bí ìyá ọkọ mi nínú, ara mi kò sì yéé yún. Mo jókòó sórí ẹní ìrun mi, mo ní, "Ọlọ́hun, bí Ẹ bá fẹ́ kí n gbààwẹ̀ yìí, Ẹ fi ohun tí n ó jẹ hàn mí." Àdúrà kúkúrú ni. Mi ò mọ àlàyé tí n ó ṣe sí i.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, mo lọ kí bàbá mi ní Pobè. Ìgbà tí mò ń bọ̀, lórí alùpùpù kẹ̀kẹ́nọ̀ tó ń gbé èrò, oòrùn wọ̀ bá wa lójú ọ̀nà. Ẹni tó gbé mi náà ń gbààwẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká ṣínu ká tó máa lọ." Obìnrin kan ń dín àkàrà lẹ́bàá títì, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù máa ń dúró sí. Ìyàwó àgbẹ̀ ni, ó ní Takon ni ẹ̀wà òun ti wá, ọ̀sán yẹn ni òun lọ̀ ọ́. Ó ń yọ àkàrà nínú epo, à ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń jó wa lẹ́nu, à ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Àkàrà ti wọnú mi tán kí n tó rántí.

"Yé! Ẹ̀wà ni àkàrà!"

Alákàrà wò mí tìyanu-tìyanu. "Kí lẹ rò pé ó jẹ́ tẹ́lẹ̀? Ẹran?"

Mo gun alùpùpù padà tẹ̀rù-tẹ̀rù. Mo yí jíìgí rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ara mi kí n lè máa wo ọrùn mi bí a ṣe ń lọ. Kẹ̀kẹ́nọ̀ kígbe pé, "Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ ń wà mí ni àbí èmi ni mò ń wà yín? Ẹ dá jíìgí mi padà o, ọkọ̀ akẹ́rù ń bẹ lẹ́yìn!" Mo dá a padà. Ṣùgbọ́n a dé Sakété, etí mi kò gbóná. Mo kírun ìṣáì, ọrùn mi kò yún mi. Mo sùn, mo jí, ara mi mọ́ kedere.

Mo padà sọ́dọ̀ dókítà. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un: ẹ̀wà sààrì lù mí, ìrẹsì àti ọbẹ̀ ilá lù mí, àkàrà kò fọwọ́ kàn mí. Ó fi bíìkì tó fi ń kọ̀wé gbá tábìlì.

"Kì í ṣe ẹ̀wà nìyẹn. Kàsì ni!"

Ó wá là á yé mi. Ó ní nǹkan kan wà tí Faransé ń pè ní ìsítámíìnì. Ó máa ń pọ̀ sí i nínú àwọn oúnjẹ kan bí wọ́n bá ṣe ń pẹ́ nílẹ̀. Ẹja tí wọ́n yan tí wọ́n sì tọ́jú fún ìgbà pípẹ́ ní in, irú tí wọ́n bò títí ó fi rùn ní in, tòmátì kò sì bá ẹni tó ní àìlera yìí rẹ́. Bí oúnjẹ bá wá sùn mọ́jú sórí ààrò gbígbóná, bẹ́ẹ̀ ló ń pọ̀ sí i. Ó ní nínú ara ọ̀pọ̀ èèyàn, ohun kan wà bí agbálẹ̀, tí ń gbá nǹkan yìí dànù bí ó bá ṣe ń wọlé. Tèmi ń gbálẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò yá.

"A jẹ́ pé agbálẹ̀ tèmi ló ń gbààwẹ̀," ni mo wí.

Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní kò sí àyẹ̀wò kan tí òun lè ṣe tó máa fi í hàn gbangba, ara mi ni kí n máa ṣọ́. Kí n jẹ oúnjẹ bí ó bá ṣe ń kúrò lórí iná. Kí n jìnnà sí irú, ẹja gbígbẹ àti ohunkóhun tó bá ti sùn. Ó ní kí n má sì rò pé bí ara tèmi ṣe rí ni ti gbogbo èèyàn rí. Ó mọ ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀wà tútù gan-an kò bá a lára mu.

"Ṣùgbọ́n ẹ̀wà a máa pẹ́ lórí iná," ni mo wí. "Bí mo bá ní kí n se é fún sààrì, n kò ní sùn rárá."

Ó ní, "Ṣé ẹ mọ làntíì?"

Mo ti rí i rí nílé ẹnìkan ní Àjàṣẹ́, hóró pẹlẹbẹ kékeré kan tí àwọn Òyìnbó ń jẹ. Mo ti rò pé wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ni. Dókítà ní ìbátan ẹ̀wà ni, kì í sì í pẹ́ jinná. Èèyàn á gbé e kaná, á lọ ṣe àlùwàlá, á dé, á bá a tó ti rọ̀.

Mo bẹ ọkọ mi pé kó bá mi rà á nígbà tó bá lọ sí Àjàṣẹ́. Ó fi ayọ̀ dé, ó kó agolo lé mi lọ́wọ́. Làntíì sísè ni, nínú omi iyọ̀, nínú agolo!

"Bàbá wọn, èyí ti sùn kọjá ti Àlájà. Ta ló mọ ọdún tó ti ń sùn nínú agolo yìí?"

"Ìwọ kò sọ pé gbígbẹ ni. O ní làntíì. Làntíì ló wà lára agolo náà, mo kà á."

Ìyàwó àbúrò rẹ̀ gba àwọn agolo náà, ó fi gàárì jẹ ẹ́, ó ní ó dùn, ó sì ní kí bàbá wọn máa ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà kejì tí ọkọ mi padà lọ ni ó mú gbígbẹ wá, nínú ọ̀rá.

Ó wá ku bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún Àlájà. Làntíì gba ìkòkò tirẹ̀. Bí mo bá gbé ìkòkò tèmi kaná nínú ilé yẹn, nínú oṣù ààwẹ̀, gbogbo àdúgbò á gbọ́ kí oòrùn tó yọ pé ìyàwó àgbà ti ya ìkòkò. Mo ní kí ọkọ mi bá mi sọ ọ́.

"Èmi kọ́," ló wí. "Ìwọ ni ara ń yún."

Mo bá Àlájà ní ẹ̀yìn ilé, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Mo jókòó tì í, mo bá a ṣà á. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, mo sọ gbogbo ohun tí dókítà wí. Mo sọ ti agbálẹ̀ inú ara. Mo sọ ti kàsì.

"Kàsì?" Ó gbé ojú sókè. "Láti kékeré mi ni mo ti ń jẹ kàsì. Bàbá yín tó kú, ọkọ mi, jẹ kàsì títí ó fi darúgbó. Ta ni ó pa?"

"Kò pa ẹnikẹ́ni, Àlájà. Èmi nìkan ló ń lù."

"Kí ló dé tó jẹ́ ìwọ nìkan ló ń lù?"

"Èmi náà béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Kò tí ì dá mi lóhùn."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó fà á padà. Mo da làntíì díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó fi ìka rú u, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà.

"Èyí ni wọ́n pè ní ẹ̀wà? Bí mo bá da èyí fún àwọn adìẹ mi, wọ́n á bi mí pé kí ni àwọn fi ṣe mí."

"Ẹ jẹ́ kí n dán an wò, Àlájà. Mi ò fẹ́ ya ìkòkò. Ààwẹ̀ ni mo fẹ́ gbà."

Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀, mo fẹ́ dìde.

"Orí iná wo lo fẹ́ gbé e kà?"

"Orí gáàsì ni, nínú yàrá wa, kí n má baà dí yín lọ́wọ́."

"Nínú yàrá kẹ̀? Kí o máa jẹun lẹ́yìn ilẹ̀kùn bí olè? Rárá o. Orí ààrò mi ni o máa gbé e kà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Bí ó bá ṣe tìrẹ ló kéré, kó kéré. Àwọn tó ń kọjá á rí i pé iná kan náà ló ń jẹ."

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Ó ní kí n dìde, pé òkúta ń kọjá mọ́ mi lọ́wọ́ nínú ẹ̀wà òun.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, mo jí ṣáájú àwọn yòókù. Ìkòkò ńlá wà lórí ààrò, ó ti ń sun oorun rẹ̀. Mo kó ẹyín iná sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo gbé ìkòkò kékeré mi lé e. Mo ti fọ làntíì, mo gé àlùbọ́sà sí i, mo bu iyọ̀ díẹ̀ sí i. Nígbà tó rọ̀, mo ta epo pupa sí i, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ẹ̀yìn ilé. Kò sí irú nínú rẹ̀ láti bo òórùn àlùbọ́sà mọ́lẹ̀. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo lọ ṣe àlùwàlá, mo kí nàfílà ráàkà méjì, mo sì fi ìdúpẹ́ fà á gùn díẹ̀.

Ìdúpẹ́ náà ló gùn jù. Nígbà tí mo máa padà dé ìdí ààrò, gbogbo ilé ti yí ìkòkò kékeré náà ká. Àwọn ọmọ mi wà níbẹ̀, ọbẹ̀ wà lẹ́nu wọn. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ń fi gàárì nu abọ́. Ọkọ mi tó kọ̀ láti bá mi sọ̀rọ̀ ń fi ìka ha ìdí ìkòkò. Àlájà jókòó sórí àpótí láàárín wọn, ṣíbí ńlá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo kàn tọ́ ọ wò ni," ló wí.

"Ẹ tọ́ ọ wò, Àlájà? Ìdí ìkòkò ń wò mí lójú!"

"Kì í ṣe èmi nìkan. Ọkọ rẹ ló bẹ̀rẹ̀."

"Ìyá mi ló ní kí n wò ó bóyá ó ti jinná," ni ọkọ mi wí.

"Kí o wò ó ni mo ní. Mo ní kí o fọ ìkòkò ni?"

Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ní, "Ìyálé mi, ẹ má bínú, a rò pé ẹ ti jẹ tiyín ni. Ẹ wò ó, kàsì pọ̀ rẹpẹtẹ nínú ìkòkò ńlá." Ó rántí, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Èmi ni mo kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà gbogbo wọn. Àlájà rẹ́rìn-ín títí ó fi ní kí wọ́n gba ṣíbí lọ́wọ́ òun.

Àsùbáà ti súnmọ́, kò sí àyè láti se òmíràn. Àlájà dìde, ó wọ yàrá lọ, ó gbé dàbínù tí wọ́n bá a mú bọ̀ láti Mẹ́kà wá, èyí tí kì í fún ẹnikẹ́ni, ó kó o sí mi lọ́wọ́. Mo jẹ ẹ́, mo fi omi tì í. Bí mo ṣe ń gbé ife kúrò lẹ́nu ni ládàánì gbé ohùn sókè.

Ebi pa mí lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́. Nídìí ọjà mi, mo gbọ́ tí ikùn mi ń sọ̀rọ̀, oníbàárà kan sì bi mí bóyá mo ní ọmọ kékeré lábẹ́ tábìlì. Ṣùgbọ́n ebi ni, ebi lásán, ebi ààwẹ̀ tí mo mọ̀ láti ilé bàbá mi. Etí mi tutù. Ọrùn mi kò yún mi. Orí mi dúró. Nígbà tí oòrùn wọ̀, tí mo fi omi kan ẹnu pẹ̀lú gbogbo ilé lórí ẹní kan náà, omi bọ́ lójú mi. Ọkọ mi rò pé ara ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo ní rárá, ó kàn jẹ́ pé mo gba ààwẹ̀ náà parí ni.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun tí ara mi ń gbà. Ẹ̀wà tútù tí wọ́n mú wá láti Takon, tó ṣì wà nínú èèpo, mò ń sè é lọ́sàn-án, mo sì ń jẹ ẹ́ bó ṣe ń kúrò lórí iná. Òtílí, bẹ́ẹ̀ náà. Mọ́ínmọ́ín, bí èéfín bá ṣì ń yọ lórí ewé rẹ̀. Bí oúnjẹ bá ṣẹ́kù, mi ò dúró kó tutù sórí ààrò, mo ń dì í sínú yìnyín kíákíá bí iná mọ̀nàmọ́ná bá wà, bí kò bá sì sí, mo ń fún aládùúgbò. Wọ́n ti ń yìn mí ní ìyá olóore. Wọn kò mọ̀ pé ẹ̀rù kàsì ló ń bà mí. Irú ni mi ò tí ì gbàgbé. Bí mo bá ń kọjá níwájú ìsọ̀ àwọn tó ń tà á ní ọjà, mo máa ń rọra rìn, mo ń gbọ́ òórùn rẹ̀, mo ń kí wọn pẹ́. Ọlọ́hun ló dá a dídùn, Òun náà ló sì dá ara mi. Mo dúpẹ́ fún méjèèjì, bí wọn kò tilẹ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ làntíì àkọ́kọ́ yẹn, nígbà tí a ṣínu tán, Àlájà nu ọwọ́ rẹ̀, ó kọjú sí ọkọ mi.

"Nígbà wo lo tún ń lọ sí Àjàṣẹ́?"

"Lọ́túnla, Ìyá."

"Ra nǹkan yẹn wá. Má ra ti inú ọ̀rá kékeré o. Béèrè bóyá wọ́n ń tà á ní àpò." Ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ náà, ìkòkò rẹ kéré. Lọ wo ẹ̀yìn ilé ìdáná, mú èyí tó bá wù ọ́ níbẹ̀, kó lè kárí ilé. Kí o sì kọ́kọ́ bu tìrẹ kí o tó lọ kírun."